Irọ́ tó bá nawọ́ sí ẹ̀yà ni kí òfin dojú kọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ìdìbò 2027 ṣe ń sún mọ́lé, àwọn kan tún ti ń pè fún òfin tuntun tí yóò máa fìyà jẹ ẹnikẹ́ni tó bá gbé irọ́ sórí ayélujára. Yíyẹ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wò ni iṣẹ́ wa, ìdí nìyí tí a fi ní kí a dá sí i. Irọ́ pọ̀ ju ohun tí òfin lè mú tán lọ. Èyí tí òfin gbọ́dọ̀ dìde sí ni irọ́ tó bá nawọ́ sí ẹ̀yà tàbí ẹlẹ́sìn kan, tó ní àwọn ni wọ́n ṣe ibi báyìí, tó sì ń ti aráyé láti lọ gbẹ̀san lára wọn. Òfin tó lè mú irú èyí ti wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọn kì í lò ó ni. Èyí tí wọ́n ń lò, orí àwọn tí kò ṣẹ̀ ló ń bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí irọ́ ọ̀hún ṣe máa ń rí. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2018, àwọn agbébọn ya wọ àwọn abúlé kan ní Gashish, ní ìjọba ìbílẹ̀ Barkin Ladi, ìpínlẹ̀ Plateau. Àwọn ọlọ́pàá ní èèyàn 86 ló kú. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n kíá ni àwòrán gba orí Facebook kan: ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ṣá ládàá, fídíò ọkùnrin kan tí wọ́n ń la orí rẹ̀. Wọ́n ní Gashish ni, wọ́n ní Fúlàní ló ṣe é. Nígbà tí àwọn oníròyìn BBC tọ ipasẹ̀ fídíò yẹn, Kóńgò-Brazzaville ni wọ́n bá a dé, ọdún 2012 ni wọ́n sì ti ya á. Kí ìyẹn tó hàn, ó ti bọ́. Lọ́jọ́ kejì ìkọlù náà gan-an ni àwọn kan ti dí ojú ọ̀nà ní agbègbè Jos, tí wọ́n ń wọ́ àwọn tí wọ́n rò pé Fúlàní ni bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí wọ́n sì ń pa wọ́n.

Ẹ wo ohun tó wà nínú irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ tó jẹ́ òótọ́ wà níbẹ̀, àwòrán tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn wà níbẹ̀, orúkọ ẹ̀yà sì wà níbẹ̀. Nítorí ti àkọ́kọ́ ni kì í fi í rọrùn láti kàn sọ pé "irọ́ ni" kí àwọn èèyàn sì gbà, torí ẹni tí wọ́n pa ẹbí rẹ̀ mọ̀ pé wọ́n pa á. Àwòrán ló ń mú ẹ̀jẹ̀ gbóná. Orúkọ ẹ̀yà ló wá ń fi ẹni tí wọn yóò tú ìbínú náà lé lórí hàn wọ́n. Ẹ yọ orúkọ yẹn kúrò, kí ẹ fi àwòrán sílẹ̀: ẹkún yóò wà, ìbẹ̀rù yóò wà, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí wọn yóò lọ dá lọ́nà. Ibi tí irọ́ àti ìkórìíra ti so kọ́ra yìí ni kí òfin ti mú un.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè Ọya nìkan o. Nínú ìdìbò ààrẹ oṣù Kejì ọdún 2023, ẹgbẹ́ Labour ní ìbò 582,454 ní Èkó, APC ní 572,606. Láti ìgbà yẹn títí di ìdìbò gómìnà lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹta, ohun tí wọ́n ń pín kiri ní èdè Yorùbá ni pé àwọn Igbo fẹ́ gba Èkó mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n ní olùdíje kan kì í ṣe ọmọ Yorùbá, kìkì nítorí pé Igbo ni ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo Èkó ló mọ ìdílé bàbá rẹ̀. Fídíò kan jáde tí wọ́n ti ń sọ ọ́ pé ẹni tí kò bá ní dìbò fún ẹgbẹ́ báyìí kó jókòó sílé rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ní àwàdà ni. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n lé àwọn kan kúrò níbi ìdìbò torí pé ojú wọn jọ ti Igbo. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn tí wọ́n lé. Òfin Ìdìbò 2022 tí wọ́n fi dìbò náà kò dákẹ́ lórí rẹ̀: abala 97 ní ẹni tó bá fi ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà polongo ìbò lè san tó mílíọ̀nù kan náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù méjìlá, tàbí méjèèjì, ẹgbẹ́ òṣèlú lè san tó mílíọ̀nù mẹ́wàá. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2024, àkáùntì kan lórí X (Twitter àtijọ́) tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn jọ pé kí wọ́n lé Igbo kúrò ní Èkó, ó sì dá ọjọ́ fún un. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ọwọ́ àwọn kò sí níbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìjọba sọ pé ọwọ́ òun kò sí níbẹ̀ kọ́ ni òfin béèrè.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní ìlú Ọba rí irú rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Lọ́jọ́ 29 oṣù Keje, ẹnìkan fi ọ̀bẹ pa àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ní Southport. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúkọ kan tí kò sí níbì kankan ti gba ayélujára, wọ́n ní Mùsùlùmí tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sá sí ìlú náà ló ni ín. Cardiff ni wọ́n bí ọmọ tí wọ́n mú sí. Síbẹ̀ wọ́n sọ òkúta lu mọ́sáláṣí Southport, wọ́n sì gbìyànjú láti dáná sun òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn tó ń wá ibi ìsádi wà ní Rotherham. Àwọn nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú aláìsàn tí àwọ̀ wọn dúdú ń bẹ̀rù láti lọ síbi iṣẹ́. Òfin tuntun kan wà ní ìlú Ọba nígbà náà tó dá irọ́ orí ayélujára lẹ́bi, abala 179 nínú Online Safety Act 2023. Ṣùgbọ́n ní ilé ẹjọ́ Leeds lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ mọ́kànlá péré lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, tí wọ́n rán ọkùnrin kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù ogún nítorí ohun tó kọ sórí Facebook pé kí wọ́n kọlu òtẹ́ẹ̀lì, Public Order Act ọdún 1986 ni wọ́n fi mú un, òfin tó dá rírú ìkórìíra ẹ̀yà sókè lẹ́bi. Òfin tó ti wà kí Facebook tó dé ayé ló ṣe iṣẹ́ náà.

Àwa ńkọ́? Lọ́dún 2019, àbádòfin méjì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Ọ̀kan fẹ́ kí ẹni tó bá gbé irọ́ sórí ayélujára san 300,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, ó sì tún fẹ́ fún àwọn agbófinró lágbára láti ní kí wọ́n dí ọ̀nà ayélujára. Ti ọ̀rọ̀ ìkórìíra fẹ́ kí wọ́n yẹgi fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣokùnfà ikú. Ariwo àwọn aráàlú ló dá àwọn méjèèjì dúró. Lọ́dún 2021, Twitter pa ohun kan tí Ààrẹ Buhari kọ nípa ogun abẹ́lé rẹ́, ìjọba sì ti Twitter pa láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà títí di 13 oṣù Kínní ọdún 2022. Àjọ NBC, tó ń bójú tó ètò orí afẹ́fẹ́, pàṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pé kí wọ́n kó kúrò níbẹ̀. Àwọn òpùrọ́ kò kó kúrò, VPN, ohun tí èèyàn fi ń gba ẹ̀yìn wọ ìkànnì tí wọ́n tì pa, ni wọ́n fi ń wọlé. Ohun tí àṣẹ yẹn ṣe ni pé ó kó àwọn tó lè sọ òótọ́ jáde, ó sì fi òpùrọ́ sílẹ̀ lójú agbo. Ilé ẹjọ́ ECOWAS padà sọ pé títì pa náà kò bófin mu.

Èyí tó burú jù ni abala 24 nínú òfin Cybercrimes ti 2015. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, bí irọ́ rẹ bá bí ẹnìkan nínú, tó bá ni ẹnìkan lára, ó tó láti mú ọ. Àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn tó bu ẹnu àtẹ́ lu gómìnà ló ń fi ara gbá a. Ilé ẹjọ́ ECOWAS ní oṣù Kẹta ọdún 2022 ní ó tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2024: ó wá ku irọ́ tí ẹni tó fi ránṣẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fẹ́ fi da ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu. Ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún mẹ́ta, tàbí ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù méje náírà. Ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n "dída ìlú rú" ṣì gbòòrò débi pé ẹni tó lọ́lá lè ní èyíkéyìí tó bá bí òun nínú ló da ìlú rú.

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Abala 26 nínú òfin yẹn kan náà dárúkọ ìka tó ṣẹ̀ gan-an: ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà tàbí íntánẹ́ẹ̀tì pín ohun tó ń rú ìkórìíra ẹ̀yà sókè, tàbí tó fi halẹ̀ mọ́ èèyàn nítorí ẹ̀yà, àwọ̀, ìran tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún márùn-ún, tàbí ìtanràn tó tó mílíọ̀nù mẹ́wàá. Abala yìí ni a fẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ wò.

Kí wọ́n tó gbé ẹnikẹ́ni, ìbéèrè mẹ́fà kan wà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí UN kó jọ fi ẹnu kò sí ní Rabat, lórílẹ̀-èdè Morocco, lọ́dún 2012. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílùú lásìkò tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà? Ta ló sọ ọ́, ṣé àwọn èèyàn ń gbọ́ tirẹ̀? Ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí wọ́n ṣe ìkà ni? Kí ni ó sọ gan-an, báwo ló sì ṣe gbé e kalẹ̀? Ibo ló tàn dé? Ṣé ìkà lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ láìpẹ́? Ìyá kan tó fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí torí ẹ̀rù ń bà á, tó ní "ẹ má gba ọ̀nà ibẹ̀ o, mo gbọ́ pé Fúlàní ti dí i", lè ti ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Àtúnṣe ló yẹ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù náà. Ọ̀gá òṣèlú tó bá sọ irú rẹ̀ níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọlẹ́yìn, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jà ní ọjà, tó tún fi kún un pé "ẹ mọ ohun tí ẹ ó ṣe", ti kó sí gbogbo ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ibi tí ẹjọ́ máa ń fọ́ sí ni ẹ̀rí. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 béèrè pé kí ohun tó bá tinú kọ̀ǹpútà jáde ní ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí, tó sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àti bí wọ́n ṣe gba nǹkan náà jáde nínú rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson lọ́dún 2012, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ ìwé tí wọ́n wà jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nínú wọn láti ìkànnì INEC fúnra rẹ̀, nítorí pé wọn kò mú ohun tí abala 84 béèrè ṣẹ. Nítorí náà, àwòrán ojú fóònù tí wọ́n kàn yà kò tó. Kí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan sùn kọ́kọ́ da línkì ọ̀rọ̀ náà kọ ní kíkún, àti línkì àkáùntì tó gbé e, torí orúkọ àkáùntì ṣeé pààrọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Kí ó ya ojú fóònù níbi tí ọjọ́, aago àti iye ẹni tó ti pín in ti hàn. Kí ó gba fídíò náà gan-an sílẹ̀, kì í ṣe fídíò ojú fóònù tó ń fi fídíò hàn. Kí ó fi línkì náà sínú Wayback Machine ní archive.org, tó máa ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ewé ayélujára pa mọ́, kí wọ́n tó pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà kí ó ṣírò hash fáìlì náà, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣírò látinú fáìlì, tó máa ń yí padà bí wọ́n bá fọwọ́ kan fáìlì náà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó ṣe é, kí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ má baà dìde pé wọ́n ti fọwọ́ kan fáìlì. Gbogbo èyí kò gbà ju wákàtí kan lọ. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti lọ nìyẹn, torí ẹni tó gbé irọ́ náà yóò ti pa á rẹ́ kó tó di ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwọn ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì. Ní Myanmar, àwọn olùwádìí UN sọ lọ́dún 2018 pé Facebook kó ipa nínú ìkórìíra tí wọ́n tú lé àwọn Rohingya, ẹ̀yà Mùsùlùmí kan níbẹ̀, lórí. Àwọn tó gbọ́ èdè ibẹ̀ tí Facebook gbà síṣẹ́ kéré jọjọ, bẹ́ẹ̀ ni irú lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ fi ń tẹ̀wé lórí fóònù, tí wọ́n ń pè ní Zawgyi, ń da ẹ̀rọ láàmú nítorí pé Unicode, ìlànà lẹ́tà tí gbogbo ayé ń lò, ló mọ̀. Tiwa sún mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, a sì ń po Yorùbá mọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti pijin. Ẹ̀rọ tó bá rí "ogun" lásán kò lè mọ̀ bóyá ìpínlẹ̀ ni, bóyá òrìṣà ni, tàbí wọ́n ń pe èèyàn jáde sógun. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé láàárín wa, tó mọ àṣà ìsọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, ni yóò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ohun tí ìjọba lè béèrè lọ́wọ́ wọn nìyí, tí kò sì ní di ẹnu ẹnikẹ́ni: ẹni mélòó lẹ gbà tó ń ka Yorùbá, Haúsá, Igbo àti pijin? Wákàtí mélòó ló ń gbà yín láti dáhùn ẹ̀sùn tó bá wá ní èdè wọ̀nyí? Ta ló sanwó fún ìpolówó òṣèlú, èló ni, ìpínlẹ̀ wo ni wọ́n sì darí rẹ̀ sí? Ní Yúróòpù, òfin DSA (Digital Services Act), tó wà fún àwọn ilé iṣẹ́ orí ayélujára, ti fi dandan lé irú ìbéèrè báyìí fún ìkànnì tó bá ní ẹni mílíọ̀nù 45 lóṣù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí fún ẹni tí wọ́n bá yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò. Ìtanràn rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn lágbàáyé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Nàìjíríà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta lórí ní oṣù Keje ọdún 2024, lórí ọ̀rọ̀ dátà àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Wọn kò ti ìkànnì kankan pa kí ó tó ṣeé ṣe.

Kí wọ́n tọ ipasẹ̀ owó náà. Ní oṣù Kínní ọdún 2023, BBC gbé ìwádìí jáde pé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú wa ń sanwó lábẹ́lẹ̀ fún àwọn gbajúmọ̀ orí ayélujára kí wọ́n lè máa pa irọ́ mọ́ alátakò. Láti ọdún yẹn ni X ti ń pín owó ìpolówó fún àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ síbẹ̀, Facebook sì ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún Nàìjíríà lọ́dún 2024. Ọ̀rọ̀ tó bá mú inú bí èèyàn ló ń rìn jìnnà jù, òun náà ló sì ń mówó wọlé. Kí wọ́n dí ojú owó yẹn fún àkáùntì tí wọ́n bá ti bá ọ̀rọ̀ ìkórìíra lọ́wọ́ rẹ̀, yóò dun onítọ̀hún ju kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ lọ.

WhatsApp ló le jù, torí pé ilé iṣẹ́ náà kò lè rí ohun tí ẹ ń sọ síra yín, kò sì yẹ kí ìjọba máa wá ọ̀nà láti rí i. Àwọn olùdarí gúrúùpù ni agbára kù sí lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí àmì ọfà méjì lórí àtẹ̀jíṣẹ́, ó ti gba ọwọ́ tó márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín kọ́ ló ni ín, ó ṣeé ṣe kí ó má mọ ibi tó ti wá. Ẹ dá fídíò dúró níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí nọ́ńbà ọkọ̀, aṣọ ọlọ́pàá tàbí pátákó ilé ìtajà bá ti hàn, kí ẹ ya á, kí ẹ fi í sínú Google Lens tàbí TinEye, tó máa ń wá ibi tí àwòrán ti jáde rí, kí ẹ wá èyí tó ti pẹ́ jù. Bí kò bá mú nǹkan jáde, ẹ yí àwòrán náà ní ọ̀tún sí òsì kí ẹ tún un gbìyànjú, torí àwọn kan máa ń yí i padà kí ẹ̀rọ má baà dá a mọ̀. Ìwé ara pátákó tí a ń kà láti ẹ̀yìn ló máa ń tú wọn fó. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọjọ́ tó wà lára fáìlì, WhatsApp ti gé e kúrò. Ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nira púpọ̀, kò sí ẹ̀rọ tí yóò bá yín wá a: ẹ béèrè orúkọ àdúgbò, ọjọ́ àti aago, kí ẹ pe ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ń pe èèyàn sí ìjà, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀rí, kí ẹ fi sùn, torí àtẹ̀jíṣẹ́ márùn-ún tó gbẹ̀yìn yóò lọ bá WhatsApp bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ pa á rẹ́ fún gbogbo ọmọ gúrúùpù. Olùdarí lágbára láti ṣe ìyẹn. Kí ẹ sì fi ohùn ara yín ṣàlàyé ní Yorùbá ìdí tí ẹ fi pa á rẹ́, torí ibi tí ẹ bá ti dákẹ́ ni wọn yóò ti sọ pé ẹ ń bo òótọ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn náà, ohun kan ni a bẹ̀ yín fún. Bí ẹ bá fẹ́ tú irọ́ fó, ẹ má fi irọ́ náà ṣe àkọlé. "Ọdún 2012 ni wọ́n ya fídíò yìí, Kóńgò ni" ni kí ẹ kọ, kì í ṣe "Ṣé lóòótọ́ ni àwọn báyìí ń pa wá?" Ẹni tó kàn ka àkọlé tó kọjá lọ, ìkejì ni yóò gbé délé. Ẹ má sì tẹ àwòrán òkú náà jáde, bí ẹ tilẹ̀ kọ "irọ́" gàdàgbà sí i lára. Bí ẹ bá lè fi igun kékeré kan sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìsinsìnyí títí tí ìdìbò 2027 yóò fi parí, àwa yóò máa fi àyẹ̀wò tí a bá ṣe ránṣẹ́, ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì tó pé.

Àwa òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìròyìn wò,
Ìbàdàn.